Morádéyọ̀ àti Ilẹ̀kùn Fíríìjì

Morádéyọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn tó bá a dàgbà ní Òkukù sọ pé láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, pé bí ìyá rẹ̀ bá rán an sí ilé kan ní òpin àdúgbò, ará ilé náà á ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn òbí mọ̀ láti Ìkìrun títí dé Òkukù, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rẹ̀ rú lọ́dún yìí. Àwọn kan ti ń pè é ní Ìyá Onífíríìjì báyìí, wọ́n rò pé àwọn ń fi bú u ni. Ó ń jẹ́ ẹ.

Apá rẹ̀ òsì tẹ̀ díẹ̀ níbi ìgúnpá, kò sì ṣeé nà tán. Ẹni tó bá bi í léèrè ohun tó ṣe é, kò ní fi bò fún un: fíìmù ni. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ àti díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò gba tẹlifíṣọ̀n láàyè nílé, nítorí náà ojú fèrèsé aládùúgbò ni Morádéyọ̀ ti máa ń wo tirẹ̀, á dúró lórí òkúta, á di irin fèrèsé mú. Lọ́jọ́ kan ó rí ọkùnrin kan tó di agbòjò mú, tó fò láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì Morádéyọ̀ mú agbòjò ìyá rẹ̀, ó gun igi gúáfà. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Bàbá rẹ̀ ní Sátánì ló ń bẹ nínú fíìmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó wá kí i nílé ẹni tó ń to eegun bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò mọ̀ pé okùn ni wọ́n fi so ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ni?" Inú bí Morádéyọ̀ ju bí apá ṣe ń ro ó lọ. Kò bínú sí fíìmù. Àwọn àgbà tó mọ̀ pé okùn wà níbẹ̀ tí wọn kò sọ ló ń bínú sí. Kò tíì yọ́nú sí wọn títí dòní, èmi kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó yọ́nú sí wọn.

Nígbà tó dàgbà tó lọ́kọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fíìmù sí Ìkìrun, nítòsí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì Òṣogbo ti ń kérò. Àwo fíìmù ló kọ́kọ́ ń tà. Nígbà tí ọjà àwo kú, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù àti mẹ́mórì káàdì wá kó bá wọn kó fíìmù sí i. Ìyá tó fẹ́ fi fíìmù mú ọmọ jókòó kí òun lè ráyè lọ sọ́jà á ní, "Ìyá Peace, èwo ni kí n mú?" Morádéyọ̀ kì í sọ pé èyí dára, èyí kò dára. Ó ní òun kì í ṣe àlùfáà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń sọ, bó ṣe wà gan-an: wọ́n yìnbọn, ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, ọkùnrin kan bú ìyá rẹ̀, wọn kò fìyà jẹ ẹ́, wọ́n fẹnu konu, wọ́n paná. Òbí á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó bá wù ú.

Nígbà tó yá, àwọn òbí kó ara wọn jọ sórí Wásáàpù, ó wá di pé lọ́jọ́ Jímọ̀ ohùn Morádéyọ̀ á máa dún nínú fóònù ní Ìkìrun, Inisa àti Òkukù, láti orí tábìlì olùkọ́ dé ìdí ààrò. Kódà bí onífíìmù bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han ará ìlú ní gbọ̀ngàn, ó ti di àṣà kí Morádéyọ̀ kọ́kọ́ dìde sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ jáde mú un jáde, kí wọ́n tó tan fíìmù.

Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà yàtọ̀. Á kọ́kọ́ dá wo fíìmù. Lẹ́yìn náà á kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ pẹ̀lú Peace, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ kí wọ́n wò ó. Èyí tí ẹlòmíì kì í ṣe ni pé kò ní sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì á gbé iṣẹ́ ilé síbi tó ti lè rí wọn, á máa wo eré tí wọ́n ń ṣe. Ó ní ohun tí kò bá wọ ọmọ lára, kò ní fi ṣeré. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ lára, ẹ ó bá a lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bílẹ̀ bá mọ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n wo fíìmù tí ìbọn ń dún nínú rẹ̀ bí àgbàdo tó ń ta nínú epo, lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó tó wà níparí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ó ní kí àwọn òbí jẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Ìgbà míì, fíìmù kan tí àwọn pásítọ̀ yìn lórí pẹpẹ pé kò ní àbàwọ́n, nípa ìyàwó kan tó ń febi pa ọmọ ọkọ rẹ̀ kó tó di àtúnbí, àwọn ọmọ yan ẹni tó kéré jù nínú wọn, wọ́n sì kọ̀ láti fún un ní guguru títí ọmọ náà fi sunkún sùn lọ. Morádéyọ̀ ní kí wọ́n má fi han ọmọ kékeré. Pásítọ̀ kan ránṣẹ́ pè é. Ó lọ, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ọlidé Àjíǹde ń bọ̀, Jọláyẹmí, ọmọ Òkukù kan tó ń ṣe fíìmù, gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán wá fún un. *Wọ́n Jí Àgbò Alága* ni orúkọ rẹ̀. Olè méjì ló jí àgbò alága ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ọdún ku ọ̀la, àgbò náà kò sì gbà láti dákẹ́. Ó ń ké nínú àpò, ó ń ké lórí ọ̀kadà, ó ń ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sá sí, tí gbogbo ìjọ sì ń dáhùn pé "Àmín." Fíìmù náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Titus, ọkọ Morádéyọ̀, ni olè kejì. Káfíńtà ni Titus, ní Inisa tí wọ́n ń gbé. Jọláyẹmí pè é pé kó wá kan ìjókòó tí wọ́n máa lò nínú fíìmù, ó gbọ́ bó ṣe ń fi àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kó fi òòlù sílẹ̀ kó bọ́ síwájú kámẹ́rà. Titus bọ́ síbẹ̀, ó sì gba fíìmù náà lọ́wọ́ àwọn tó fi eré ṣíṣe ṣe iṣẹ́. Níbi tó dùn jù, àwọn ọlọ́pàá ń lé e bọ̀, ó sá wọ inú fíríìjì òkú kan, tó ti bàjẹ́ tipẹ́, tó wà lẹ́yìn ilé. Ọlọ́pàá ṣí i, ó bá Titus tó ká kò síbẹ̀, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Titus wò ó tìbínú-tìbínú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, òtútù ń jáde!" Ọlọ́pàá ní, "Ẹ má bínú, sà," ó ti ilẹ̀kùn gbàà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Jọláyẹmí ti gé ibẹ̀ yẹn sọ́tọ̀, ó fi polówó fíìmù lórí fóònù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Titus kò lè kọjá ní Inisa mọ́ kí ọlọ́kadà má kígbe pé "Òtútù ń jáde!" Àwọn oníbàárà tó máa ń pè é ní káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀gá. Jọláyẹmí sì ti ṣèlérí fún un pé tí èyí bá lọ dáadáa, òun ni olórí òṣèré nínú apá kejì. Ọkùnrin tó ti ń fá pákó láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí pé kí ló rò nípa nǹkan kan, ẹ̀yin ẹ wo bí inú rẹ̀ á ṣe dùn tó. Ó ń jí láàárọ̀, ó ń kọrin.

Morádéyọ̀ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó dá wo fíìmù náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó fi han àwọn ọmọ. Bílẹ̀ ṣe mọ́, Titus lọ síbi iṣẹ́ kan ní Ìkìrun, Morádéyọ̀ gbé aṣọ fífọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń fi ojú kan wo àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹ̀yìnkùlé tí fíríìjì òkú kò sí. Iná tó ń ṣe ségesège bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ nù, ó di kọ́bọ́ọ̀dù. Ti ilé Morádéyọ̀ ga tó èèyàn, ó wà lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn. Wọ́n ti yọ àwọn irin inú rẹ̀ láti fi yan ẹja. Ìṣó àti gúlúù Titus ló wà nínú àpótí yìnyín lókè, ìsàlẹ̀ ṣófo.

Ó gbọ́ tí Peace kígbe pé, "Ẹ ti ilẹ̀kùn, òtútù ń jáde!" Ó gbọ́ tí Dúpẹ́olúwa, ọmọ aládùúgbò tó ń ṣe ọlọ́pàá nínú eré wọn, dáhùn pé, "Ẹ má bínú, sà." Ó rẹ́rìn-ín sínú ọṣẹ. Ó fún aṣọ, ó sá a, ó padà wá bu omi. Nígbà tó tún gbójú sókè, Dúpẹ́olúwa ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ń jẹ ẹ̀kọ.

Morádéyọ̀ ní, "Dúpẹ́, Peace dà?"

Ọmọ náà ní, "Ó wà nínú fíríìjì, mà. Mo ti tì í."

"O tì í kẹ̀?"

"Wọ́n ní òtútù ń jáde."

Kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ilẹ̀kùn fíríìjì ayé àtijọ́ yẹn ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ta padà fúnra rẹ̀, ìta nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i, rọ́bà tó yí i ká sì tún le dáadáa. Ó fà á ṣí. Peace wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré náà ló ń lọ. Lẹ́yìn náà ó bì. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí Morádéyọ̀ kò lè gbàgbé láéláé. Ó ní, "Mọ́mì, mo pariwo. Ẹ kò gbọ́."

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ pariwo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọ́. Ó gbé Peace pọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kọjá ẹni tí wọ́n ń pọ̀n. Ó mú irin tí Titus fi ń tú súkúrù, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó tú ìdè ilẹ̀kùn náà, ó gbé ilẹ̀kùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

Nígbà tí Titus dé, ó bá fíríìjì tó lanu sílẹ̀. Morádéyọ̀ ròyìn fún un. Ó gbé Peace lé itan, ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Morádéyọ̀ ní òun máa sọ ọ́ fún àwọn òbí, ó gbé ọmọ sílẹ̀.

"Sọ kí ni?"

"Pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ kékeré wo fíìmù yẹn. Kí gbogbo ẹni tó ní fíríìjì òkú tú ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Ìyá Peace, fíríìjì tí èmi wọ̀ kò lẹ́yìn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí n lè máa mí. Jọláyẹmí dúró síbẹ̀, gbogbo wọn dúró síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣé àwọn ọmọ mọ̀?"

"O ti tú ilẹ̀kùn tiwa. Ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ló dé tí o fẹ́ gbé e dé Òkukù? Èmi ò ṣe nǹkan kan tó dáa rí, èyí tí mo wá ṣe, ìwọ lo fẹ́ bà á jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Morádéyọ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn orin tó ń kọ láàárọ̀. Ó ní, "Bàbá Peace, ẹ dárí jì mí. Mo máa sọ ọ́." Ó gbé fóònù, ó sọ ọ́ lójú rẹ̀, bí ó ṣe máa ń sọ ti gbogbo fíìmù. Kò dárúkọ Peace, nítorí Titus bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é.

Ariwo tó gba fóònù lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé kà tán. Wọ́n ní olè wà nínú fíìmù, ìbọn wà níbẹ̀, wọ́n mutí níbẹ̀, ó sì jẹ́ pé fíríìjì ni Ìyá Peace rí. Ẹnì kan bi í bóyá onífíríìjì kan ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹlòmíì ní ìlara ni, pé kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ kó má bàa fẹ́ ìyàwó kejì. Morádéyọ̀ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Mélòó nínú yín ló ní ìbọn níbẹ̀? Ẹ tún wò ó. Mélòó ló ní fíríìjì?"

Jọláyẹmí fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkìrun. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí fíìmù náà, ojú rẹ̀ sì ti jìn. Ó jókòó, ó gba omi mu.

"Màdáámú, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ló máa kún gbọ̀ngàn Òkukù tí a ti fẹ́ fi fíìmù náà hàn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ sọ pé ìbọn wà níbẹ̀. Ẹ sọ pé ó le, ó léwu, ẹ sọ ọ́ kó ta. Ìyẹn gan-an á jẹ́ kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi fíríìjì sílẹ̀. Fíríìjì yẹn ni gbogbo fíìmù náà."

"Mo mọ̀ pé òun ni. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Ọmọ mélòó ló ti kú sínú fíríìjì ní Inisa látọjọ́ tí ẹ ti dé ibẹ̀?"

"Kò tíì sí o, ọ̀gá Jọláyẹmí. Bó sì ṣe máa wà nìyẹn."

Jọláyẹmí dìde. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, adarí ètò kò ní pè é lọ́jọ́ Sátidé, kó jókòó wo fíìmù bíi ti gbogbo ayé. Ó tún ní bí ẹnu rẹ̀ bá ya lọ́jọ́ náà, kí Titus padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀, kò sí apá kejì fún un.

Titus gbọ́. Títí di Sátidé, ó kàn ń jẹun nílé ni, kò kọrin mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló tó sọ̀rọ̀. Ó wọ kaftáánì tuntun, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀sán òní nìkan." Morádéyọ̀ kò ṣèlérí fún un. Wọ́n fi Peace sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Dúpẹ́olúwa, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù, wọ́n jókòó tira.

Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Wọ́n lẹ àwòrán Titus tó ká kò sínú fíríìjì mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ń dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣe eyín gbá-gbá-gbá. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn. Adarí ètò kí àwọn àgbààgbà, ó kí ìjọ Aládùúrà, ó kí ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó kí àwọn Mùsùlùmí, ó kí Titus, gbogbo ilé hó. Titus dìde, ó juwọ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Adarí ètò wá ní kí wọ́n paná.

Morádéyọ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ má tíì paná."

Wọn kò fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹnì kan tilẹ̀ yára yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú iná, bí ẹni tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ̀rín pa Morádéyọ̀. Òun tí wọ́n ti ń gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà láti kékeré, ní Òkukù yìí kan náà!

Ó ní, "Ẹ̀yin òbí, ẹ káàsán o. Ọkọ mi ló wà nínú fíìmù yìí, kò sì sí ẹni tó ṣe dáadáa bíi tirẹ̀. Ìbọn wà níbẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Ọtí wà níbẹ̀. Èébú rẹ̀ kò ju èyí tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́ lẹ́nu yín lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èèyàn kan máa wọ fíríìjì, wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Fíríìjì yẹn kò lẹ́yìn. Ọkọ mi ló gé e. Ti ilé yín lẹ́yìn."

Ẹnì kan kígbe pé kó jókòó. Òmíràn ní, "Ìyá Onífíríìjì!" Jọláyẹmí ń bọ̀ láti iwájú.

Nígbà náà ló wo ibi tí Titus jókòó sí. Ó ní, "Mo fẹ́ pa èyí tó kù mọ́, n kò lè pa á mọ́. Ọmọ mi wọ̀ ọ́. Ọmọ èmi tí mo ń sọ fún yín. Wọ́n tì í mọ́ ọn, mo ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pariwo, n kò gbọ́. Ẹ gbọ́ ohùn èmi báyìí àbí ẹ kò gbọ́? Èmi kò gbọ́ tirẹ̀! Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kéré, ẹ gbé e jáde. Ẹni tó bá ní fíríìjì òkú, ẹ délé kí ẹ tú ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó jẹun alẹ́. Ó tán."

Màmá Àyìnkẹ́, àgbà obìnrin kan nínú ìjọ Aládùúrà tó kó àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, ló kọ́kọ́ dìde. Ó mú wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń já ara wọn gbà, ó wọ́ wọn jáde. Ìyá míì dìde. Bàbá kan gbé ọmọ lé èjìká. Àwọn kan jókòó pa, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ní àwọn ti sanwó. Kí àwọn tó ń lọ tó lọ tán, ìlàjì ìjókòó ti ṣófo. Wọ́n paná, wọ́n tan fíìmù, àwọn tó kù rẹ́rìn-ín níbi fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àgbàlagbà ni, kò ní ariwo ọmọdé nínú. Jọláyẹmí kò dúró títí ó fi parí. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Titus nínú òkùnkùn, ó ní, "Apá kejì, gbàgbé ẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà, èrò kan mọ Titus, ó kígbe pé, "Òtútù ń jáde!" Titus wo ìta. Morádéyọ̀ gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó tẹ̀ lé orí itan ọkọ rẹ̀, Titus rọra gbé e kúrò, ó dá a padà fún un. Ó dun obìnrin náà wọ eegun. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kó padà sí Òkukù lọ́jọ́ kejì, á tún un sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìjọ́sìn, Titus wà ní ẹ̀yìnkùlé nínú síńgíléètì, ó ń wá ìṣó nínú fíríìjì aláìnílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Dúpẹ́olúwa ló ṣíwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ Inisa tí wọ́n gbé jáde ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan ṣáájú, tí ojú wọn ṣì wú fún ẹkún. Peace ti lọ kéde fún wọn.

"Dádì, ẹ ṣe é fún wọn. Wọ́n ní wọn ò rí i."

"Ẹ kúrò níbí. Kò sí fíríìjì mọ́. Ìyá rẹ ti bà á jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà!"

Titus bá bínú. Ó fẹ́ fi hàn wọ́n, ó sì fẹ́ fi han obìnrin tó dúró sójú fèrèsé kíṣìnì náà, bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó. Ó ní, "Ẹ wò ó! Níbo ni olè máa sá sí báyìí?" Ó ká ara rẹ̀ kò, ó wọnú fíríìjì tí gbogbo ayé ń rí inú rẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ síta, orúnkún rẹ̀ yọ síta. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ti sá pamọ́ pátápátá.

Dúpẹ́olúwa, tó ń jẹ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́gbogbo, rìn wá gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo abẹ́ garawa. Ó dé iwájú Titus, ó na ọwọ́, ó kan ilẹ̀kùn tí kò sí: "Kó, kó, kó." Ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn tí kò sí, ó ṣí i.

Titus ṣí ìka kan lójú. Ó pẹ́ díẹ̀. Eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, òtútù ń jáde!"

Dúpẹ́olúwa ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì fi gbogbo agbára ti afẹ́fẹ́ lásán.

Àwọn ọmọ ṣubú lulẹ̀. Wọ́n yí nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn lára wọn. Peace di ikùn mú. Titus wò wọ́n láti àárín ìka rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín tí kò gbọ́ ní gbọ̀ngàn ní Òkukù, ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní kí Dúpẹ́olúwa ti ilẹ̀kùn náà ní kọ́kọ́rọ́, kó gbé kọ́kọ́rọ́ mì. Ẹlòmíì wọlé, òun náà bo ojú, wọ́n tò sórí ìlà, gbogbo wọn fẹ́ jẹ́ olè.

Morádéyọ̀ kò wo ọkọ rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ ló ń wò, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní láti dúró dọjọ́ kejì. Ó ti rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri, omi ojú sì ń dà á, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀. Titus gbójú sókè láti inú fíríìjì, ó rí i.

Ó ní, "Ìyá Peace, kí ni ìwọ ń wò? O ò ní sọ fún àwọn òbí pé ó léwu ni?"

Morádéyọ̀ nu ojú, ó gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò dín ohùn rẹ̀ kù, Jọláyẹmí tó wà nínú àwọn tó ń gbọ́ rẹ̀ sì lè gbọ́ bó bá fẹ́.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ káàsán o. Ìyá Onífíríìjì ló ń sọ̀rọ̀. Eré tuntun kan ń lọ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Inisa, Titus ló ṣe é. Olè wà níbẹ̀. Ìbọn kò sí. Èébú kò sí. Ilẹ̀kùn kò sí. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n rìn, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."